Sẹ́fà tí kò jí, àti ohùn Bàbá

Samedi 18 octobre 2008, Bingerville

Sẹ́fà mi, kọ̀ǹpútà kan tó wà ní Faransé tí mò ń sanwó lò láti ibí, kò jí láti àná. Èmi ni mo fà á. Mo fi noyau tuntun, ọkàn ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, tí mo fọwọ́ ara mi ṣe sínú rẹ̀, mo pa á kí n lè tún un tàn, kò sì dá mi lóhùn mọ́.

Orí rẹ̀ nìkan ni ohùn Bàbá tí mo gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú wà, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe kúrò ní Ìgbòho. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa tọ́jú ẹ̀dà méjì.

Màmá pè láti Anyama. Mo ṣàlàyé fún wọn pé noyau ló máa ń kọ́kọ́ jí, òun ló sì ń jí ìyókù.

"Kí ló wá ṣe é?"

"Mo yọ ohun tí kọ̀ǹpútà ilé mi kò lò kúrò nínú rẹ̀, Màmá. Àṣé òun ni ti Faransé fi ń mọ dísìkì tó ń kó nǹkan pamọ́ sí."

"Ta ló ń se oúnjẹ fún ẹ?"

Ní aago mẹ́rin, mo fi noyau ti àwọn tó yá mi ní sẹ́fà jí i. Dísìkì ṣí. Mo kọ ohùn náà sórí CD méjì kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Mo wá tẹ́tí sí i. Bàbá húkọ́, wọ́n ní, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́ mi?"

"Ó ń gbọ́ yín, Bàbá," ni mo wí, nínú yàrá tí kò sí ẹlòmíràn.