Ìgò Àjàrà tí Olúkẹ́mi Fi Ránṣẹ́

Àìkú, 3 Oṣù Kọkànlá, 1996
Ọdún yìí ò burú fún àwọn ọmọ ilé mi. Láídé bí ìbejì lóṣù kẹta. Asher gbé ìyàwó, níbí ní Ìlárá. Modúpẹ́olúwa relé ọkọ ní Mákun. Ó ku Olúkẹ́mi tó wà ní Ítálì — ọmọ Olúdọ̀tun mi tó ti sùn, èmi ni mo tọ́ ọ.
Máyọ̀kún tó ń gbé lọ́hùn-ún dé lónìí. Ó gbé ìgò kan wá látọ̀dọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ojú ìwé méjì. Ó ní kí òun bá mi kà á. Mo ní rárá o. Kí ni mo ń lọ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà fún?

Ìṣẹ́gun, 5
Mo ka ojú kìíní tán. Ọjọ́ méjì gbáko! Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Kẹ́mi ní àjàrà oko tí òun ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Kí a jẹ́ kó tutù dáadáa. Ẹja ló bá a lọ jù, tàbí edé. Àwa ìjọ Ọjọ́ Keje kì í jẹ edé — ẹja tó ní ìpẹ́ ni tiwa. Omi àjàrà tí kì í pani, bí èyí tí à ń mu níbi Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa ni, mo rò bẹ́ẹ̀.
Ojú kejì di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ojú ń ro mí.

Àìkú, 10
Mo se ìkọ́kọrẹ́ — ewùrà tuntun, ṣawá yíyan, epo díẹ̀. Ìgò ti wà nínú àmù láti àná. Joanna ló wá bá mi jẹun, díákónì ẹlẹgbẹ́ mi tí à ń pè ní Ojú-ò-fo-nǹkan. A fi ìdí ṣíbí ti ìdérí wọ inú ìgò.
Ó mọ́ bí omi òjò. Ó kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì gbé ata kúrò lẹ́nu. Joanna ní, "Ìyá Olúdọ̀tun, ẹ tún bù sí i, ara mi ń yá gágá!" A mu ún tán. Ó kọrin délé.

Ọjọ́rú, 13
Ojú kejì.
Olúwa, ṣàánú mi.
Ọtí ni! Díákónì méjì! Ìyẹn gan-an kéré. Kẹ́mi ní: "Màmá, ọtí yìí, bàbá Máàkò ló fi ránṣẹ́. Ọmọ wọn fẹ́ fẹ́ mi. Mo ti sọ àṣà wa fún wọn. Bí ẹ ò bá gbà, ẹ má ṣí i, kí Máyọ̀kún dá a padà. Bí ẹ bá mu ún, a jẹ́ pé ẹ ti gbà nìyẹn."
Mo wo ìgò. Òfìfo. Mo fi ọmọ fún ẹni tí n kò rí rí, nídìí àwo ìkọ́kọrẹ́!

Ọjọ́bọ̀, 14
Joanna káwọ́ lérí. Ó ní ká dákẹ́. Ojú rẹ̀ ò fo nǹkan, ọ̀fun rẹ̀ náà ò fo! Mo lọ jẹ́wọ́ fún pásítọ̀. Ó ní kí n sinmi iṣẹ́ díákónì foṣù mẹ́ta. Ó dùn mí dọ́kàn.
Adébánjọ, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, rẹ́rìn-ín títí. Pẹ̀lú ewú orí mi, Ìyàwó ló ṣì ń pè mí. "Ìyàwó, ta ló ní kó o mu ún? Ẹni tó mu ọtí àna ti dá àna lóhùn." Mo ní ká ra òmíràn dá padà. Ó ní ṣé ọtí tó ti dénú lè padà sínú ìgò ni?

Ẹtì, 15
Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo ti gbà, n kò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n Kẹ́mi á wálé, á mú Máàkò wá, kí ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Adébánjọ, kí ó jẹ ìkọ́kọrẹ́, kí ó fi omi àmù sìn ín. Kí ó san owó ọkọ̀ òfurufú tirẹ̀. Ti Kẹ́mi, èmi ni. Owó tí mo fi pamọ́ ra páànù ilé mi ni; kí ilé máa jò lójò ọdún tó ń bọ̀. Máyọ̀kún ń padà lọ lọ́jọ́ Àìkú, á bá mi ṣẹ́ owó náà sí tòkè òkun fún Kẹ́mi. Mo ti dì í sínú aṣọ: ọ̀kẹ́ méjì náírà.