Ta Ló Fà Ọ́ Lé Ọ̀gá Lọ́wọ́?

Kaothar ọmọ mi,

Ẹ̀sùn ló ṣáájú lónìí, ìkíni ń bọ̀ lẹ́yìn. O fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nílùú òyìnbó, n kò gbọ́. Shuaib àbúrò mi ní Ìfàkò gbọ́, ọ̀gá rẹ níléeṣẹ́ oògùn l'Ágídìngbì gbọ́, kódà lánlọ́ọ̀dù rẹ l'Ọ́gbà ti bá ọ yọ̀. Èmi tí mo bí ọ, ẹnu Fàúsát ìyàwó Shuaib ni mo ti gbọ́ nígbà tó wálé wá ra gàrí, òun náà sì rò pé mo ti mọ̀ ni. Èkejì, fọ́ọ̀mù ìrìnàjò náà béèrè ẹni tí wọn yóò pè bí nǹkan bá ṣe ọ́, o kọ Shuaib. Fàúsát ní torí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dúró lábúlé ni. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló bí ọ ni?

Ó dáa. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ ṣì, àmín. Àwa náà wà dáadáa. Ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ wa fi ń lọ ẹ̀gẹ́ bàjẹ́ ní Mọ́ńdè, mo ti tún un ṣe ní Túsìdé, o mọ̀ pé èmi kì í fi nǹkan falẹ̀.

Iṣẹ́ kíkọ́ yìí ni kò yé mi. Fàúsát ní àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ sáyẹ́ǹsì káàkiri ayé ló fẹ́ lọ jókòó ti àwọn àgbà onímọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ń fi ọjọ́ mẹ́fà kọ́? Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ́ aṣọ rírán kí n tó gba fúríìdọ̀mù, bàbá mi ló sì mú mi lọ́wọ́ lọ síwájú ọ̀gá mi, wọ́n ní kó máa nà mí bó bá ṣe fẹ́, kó má ṣáà fọ́ mi lójú. Àdéhùn wà, onídùúró wà. Tìrẹ ńkọ́? Níbi ẹ̀kọ́ òwò tí mo ti gba sàtífíkéètì tó wà lára ògiri, wọ́n kọ́ wa pé iṣẹ́ tí kò bá ní ìwé àti ọjọ́ ìparí, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Shuaib fi fọ́tò ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá náà ránṣẹ́. Àgbà òyìnbó tí gbogbo ayé mọ̀ bí ẹní mowó, ó wọ bàtà kánfáàsì, ó sì fúnra rẹ̀ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn! Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dà? Wọ́n ti sá ni. Wọ́n tún ní orí tábìlì kan náà lẹ ó ti máa jẹun. Ọ̀gá tó bá ń bá ọmọ iṣẹ́ jẹun, kò fẹ́ kó lọ mọ́ ni. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Fàúsát ní kí n fọkàn balẹ̀, màá máa rí ọ nínú fóònù. Mo ti rí ọ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá. Ojú rẹ rù, mo nawọ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, dígí tútù ni mo bá, o sì lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rò pé o bínú pé mo fọwọ́ kàn ọ́ ni. Látìgbà náà, bí o bá ti yọ, ẹ̀yìn ni mo máa ń ká ọwọ́ mi sí. Ọdún méjì nìyí tí o ti wálé kẹ́yìn, Kaothar. Ẹní tí o máa ń sùn lé ṣì wà, èmi ni mò ń sá a sóòrùn.

Ṣé o rántí ìgbà tó o wà ní kékeré, tó o jókòó ti ìkòkò fùfú, tó o bi mí pé kí ló ń hó nínú ẹ̀ láìsí iná? N kò mọ̀ ọ́n, mo ní kó o lọ pọnmi. Ìbéèrè yẹn náà lo ń gbé kiri títí dòní.

Mo ti kọ àdéhùn náà fúnra mi: Èmi Sùlíyá fi ọmọ mi Kaothar lé àwọn àgbà wọ̀nyí lọ́wọ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Bó bá béèrè ọ̀rọ̀, kí wọ́n dá a lóhùn, kí wọ́n má rán an lọ pọnmi. Lọ́jọ́ keje, kí wọ́n dá a padà. Mo ti fọwọ́ sí i. Shuaib ni onídùúró, ìyà ẹnu tó pa mọ́ nìyẹn. Tìrẹ ló kù, iwájú mi lo sì ti máa fọwọ́ sí i.

Owó tí mo fẹ́ béèrè lóṣù yìí, fi wọkọ̀ wálé. Ọlọ́hun tó ń mú ọ lọ yóò mú ọ bọ̀, ìmọ̀ rẹ kò ní di ẹrù fún ọ. Fàúsát ní Wẹ́sìdé lo ń lọ. Kí o wà nílé ní Sátidé tó ṣáájú rẹ̀, kí aago mẹ́rin tó lù. Bí mi ò bá rí ọ, lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹnu géètì lánlọ́ọ̀dù rẹ l'Ọ́gbà ni màá wà, èmi àti ìwé àdéhùn, n kò sì ní ká ọwọ́ mi sẹ́yìn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sùlíyá