Ìwé Tí Tọ́láṣe Ní Kí N Fà Ya

Ilé Lateefat,
Bulabulin, Maiduguri.

Rasheed Àlàní ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Àbújá? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ gbé ọ dé ibi tí ibi wà, ohun tí o bá fi ọwọ́ mú kò ní bọ́, ìwọ ni wàá sin mí, mi ò ní sin ọ́. Àmín. Bí o bá ń bèèrè wa, a wà, à ń dúpẹ́, ooru Maiduguri nìkan ló ń bá wa jà. Lateefat àbúrò rẹ ń lọ síbi iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ ń lọ síbi iṣẹ́ ọlọ́pàá, Fàósátù ọmọ wọn sì ti gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Bó bá fi Hausa kí mi láàárọ̀, á kúnlẹ̀, á ní ina kwana, á tún bèèrè àárẹ̀ ara mi, ṣùgbọ́n bó bá di Yorùbá, á ní Màmá, o ti jí, bí ẹni pé ẹgbẹ́ ni wá. Mo ti ní kó kúkú máa fi Hausa bá mi sọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ọ̀wọ̀ mi wà.

Ohun tó jẹ́ kí n mú bíírò ni ọ̀rọ̀ èjìká mi. Ọdún kẹta rèé tí èjìká ọ̀tún ti ń dùn mí, tí mi ò lè na ọwọ́ sókè wé gèlè, Lateefat ló ń bá mi wé e, bí ẹni tó ti pẹ́ dé ilé ìwé ló sì máa ń wé e. A ti fi òróró pa á, a ti fi omi gbígbóná jó o, a ti gbé oògùn mì títí ó fi sú mi. Ni wọ́n bá ní kí n lọ ya fọ́tò egungun. Mo wọ léèsì tí o rà fún mi nígbà ìkómọ àkọ́bí rẹ, mo lé tìróò, àṣé wọ́n máa ní kí n bọ́ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní aṣọ kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, wọ́n ní kí n má mí, mo sì rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe yẹ ẹni tó ń ya fọ́tò. Nígbà tó jáde, kò sí ojú mi níbẹ̀, kò sí ẹ̀rín, egungun nìkan ni. Síbẹ̀ mo ní kí wọ́n tẹ mẹ́ta kí ìwọ náà lè ní tìrẹ, wọ́n ní àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan tí wọ́n fún mi ni mo kọ́ sára ògiri pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá yín, àwọn àlejò sì ń sọ pé egungun mi dára.

Dókítà wo fọ́tò náà títí, ó ní kò sí ohun tó ṣe èjìká mi. Mo bi í pé ta ló wá ń pariwo nínú ilé tí kò sí ènìyàn. Ó ní ká lọ rí Tọ́láṣe.

Ọmọ Ìkìrun ni Tọ́láṣe, ọkọ rẹ̀ ń ṣe sójà, bárékè ni wọ́n ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú àwọn tí ìrora wọn ti pẹ́ tí oògùn ò ràn án. Kì í gún ni lábẹ́rẹ́, ìbéèrè ló máa ń bi ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ohun tó fẹ́ sọ ni pé irọ́ ni mò ń pa, àmọ́ ó ní rárá, ìrora mi kì í ṣe irọ́. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹni tó ní mọ́tò tó máa ń ké fúnra rẹ̀. Mo ní ti Mallam Bukar tó kọjú sí wa ńkọ́, bí ewúrẹ́ bá ti fara kan án, kò sẹ́ni tó tún máa gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ ní àdúgbò. Ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni èjìká mi rí, kò sí olè níbẹ̀, ṣùgbọ́n igbe náà kì í ṣe irọ́, ọpọlọ ló ti mọ́ lára láti máa ké. Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi dáadáa. Bí mo ṣe délé, mo lọ bẹ Mallam Bukar pé kó so ewúrẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nítorí èjìká mi. Ó so ó, Ọlọ́run á san án fún un, ṣùgbọ́n èjìká ò dákẹ́.

Tọ́láṣe tún fún mi ní fọ́ọ̀mù kan, ó ní lójoojúmọ́ kí n máa fún ìrora mi ní máàkì láti orí òdo dé mẹ́wàá. O mọ bí mo ṣe rí lórí ọ̀rọ̀ máàkì, nígbà tí ẹ wà nílé ìwé, ẹni tó bá gba méje kì í jẹ ẹran. Mo fún èjìká ní mẹ́wàá lọ́jọ́ méjèèje, mo gbé e lọ fún un tayọ̀tayọ̀. Ó ní ṣe ni a fẹ́ kó máa já wálẹ̀. Nínú ìdílé wa, a ò tíì jó nítorí òdo rí, àmọ́ mo gbà.

Ó wá fi ohùn rẹ̀ sínú fóònù Lateefat, pé kí n máa dùbúlẹ̀, kí n máa mí wọlé díẹ̀díẹ̀, kí n mú ọkàn mi lọ sí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àlàní, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó bèèrè àlàáfíà ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi rí. Mo dá a lóhùn pé wọ́n wà, wọ́n ń kí i. Ibi tó bá dé lára mi ni èmi náà ń kí, mo kí orúnkún pé ó kú ìrìn, mo kí ikùn pé ó kú oúnjẹ, nígbà tó kan èjìká, mo ní ó kú ariwo. Lóòótọ́ ló rọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n ọmọ ọlọ́mọ ti sọ̀rọ̀ fún bí ìdajì wákàtí, kò mu omi, káàdì rẹ̀ ń jó lọ, ni mo bá ní kí Lateefat bá mi pa á kó lè sinmi. Lateefat ní wọ́n ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ni, kò sí níbẹ̀. Mi ò bá a jiyàn, àmọ́ mo mọ ohùn ẹni tó ń mí. Nísinsìnyí, bó bá ti parí, mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń fi ìborùn bo fóònù náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Tọ́láṣe tẹjú mọ́ fọ́ọ̀mù mi. Ó ní Ọjọ́ Ajé mẹ́rin, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun mẹ́rin, Ọjọ́bọ̀ mẹ́jọ, Jímọ̀ mẹ́wàá, gbogbo ọ̀sẹ̀ sì ni bẹ́ẹ̀. Ó ní kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ní kò sí nǹkan, a máa ń kírun, Rasheed á sì pè. Ó ní ta ni Rasheed. Mo ní ọmọ mi ọkùnrin ni, ọmọ dáadáa, kò pa Jímọ̀ kan jẹ rí. Ó ní ìgbà wo ni mo fojú rí i gbẹ̀yìn. Lateefat dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wa ti dé, bẹ́ẹ̀ a ò tíì pe kẹ̀kẹ́ kankan.

Tọ́láṣe wá ní ohun tí ẹnu bá gbé mì, nígbà mìíràn ara ló ń sọ ọ́. Ó ní kí n lọ kọ ìwé sí ọ, kí n kọ gbogbo ohun tó wà nínú mi, kí n má kí ọ, kí n má ṣàdúrà, bí mo bá sì ti kọ ọ́ tán, kí n fà á ya, kí n má fi ránṣẹ́. Mo ra pépà ní Hausari. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò ní ìkíni, ṣé ìwé ìpẹ̀jọ́ ni? Ìdí nìyí tí mo fi kí ọ. Ọ̀rọ̀ náà rèé.

Ọjọ́ tí bàbá yín kú náà la sin ín, a mọ̀ pé o ò lè bá a. Ọjọ́ kẹjọ la fi sílẹ̀ dè ọ́. O rán kánópì wá, o rán ọ̀ọ́dúnrún àga wá, o rán màlúù wá, gbogbo abúlé ní Rasheed ṣe bẹbẹ. O ní ọ̀gá rẹ ò fún ọ láyè. Wọ́n pè ọ́ sórí fóònù kí o lè máa wò wá, wọ́n sì gbé fóònù náà sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Àwọn àbúrò bàbá yín ń wá kí fóònù pé ó kú àṣẹ̀yìndè, ẹnìkan tiẹ̀ gbé àwo ìrẹsì sí i níwájú. Áfáà ń ṣàdúrà lọ́wọ́, kò tíì dárúkọ bàbá yín, ni bátìrì kú, ojú rẹ sì pa rẹ́. Mo na ọwọ́ ọ̀tún yìí, mo di àga náà mú kí ẹnikẹ́ni má baà jókòó síbẹ̀, mo dì í mú títí àdúrà fi parí. O pè mí lálẹ́, o ní Màmá, ẹ má bínú, mo ní kò burú.

Àlàní, ó burú. O rán ọ̀ọ́dúnrún àga wá, tìrẹ nìkan ni kò rí ẹni jókòó lé e. Mo bínú, ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń bínú, gbogbo Jímọ̀ ni o sì ń bi mí bóyá ara le, tí mò ń sọ pé ó le. Ara ò le. Àárò rẹ ń sọ mí.

Ibí ni mo kọ ọ́ dé lánàá. Nígbà tí mo wo ilẹ̀, ojú ewé mẹ́rin ni mo ti kọ, ọwọ́ ọ̀tún náà ni mo sì fi kọ ọ́. Mo fún èjìká ní méjì. Láàárọ̀ yìí, mo gbé ìwé náà kí n fà á ya, ni mo rí i pé inú pépà kan náà tí mo ṣẹ́ sí méjì ni àdúrà rẹ àti ọ̀rọ̀ àga jọ wà. Bí mo bá ya àga, mo ya àdúrà. Ìyá wo ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ẹ̀mí gígùn ọmọ ya? Mo máa gbé e fún awakọ̀ tó ń bọ̀ ní Àbújá, ní tasha tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Bí Tọ́láṣe bá bi ọ́, o ò rí ìwé kankan gbà o.

Mo mọ̀ pé ibi tí mo ti máa ń tọrọ owó lo ń wá láti òkè. Fi káàdì ránṣẹ́ sí Tọ́láṣe, ọmọ náà ti sọ̀rọ̀ jù. Ní tèmi, má fi owó ránṣẹ́. Mo ti kọ ọ́ pé ìwọ ni wàá sin mí, mi ò fẹ́ kí fóònù sin mí. Wá, kí ọ̀gá rẹ fún ọ láyè tàbí kó má fún ọ. Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ, wàá jáde láyọ̀, wàá gúnlẹ̀ láyọ̀, ìyá rẹ á fi ọwọ́ méjèèjì dì mọ́ ọ. Mo ti gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní pálọ̀. Fóònù lè bá ọ wá, àmọ́ ilẹ̀ ni yóò jókòó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùfúlíátù.