Ilẹ̀kùn Tó Ń Pa Ara Rẹ̀ Dé

Agboolé Awódélé,
Ẹ̀yìn Ènuwá,
Ilé-Ifẹ̀.

Tiwaladé ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé àdúgbò kan náà ní Abùjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o sọ fún mi pé ẹ kì í kí ara yín. Bí ara bá le, tí oúnjẹ ń wọ ọ̀fun, tí iṣẹ́ kò sì tíì bọ́ lọ́wọ́ yín, ọpẹ́ ni. Ọlọ́run tó bá wa sìn ọ́ dé ìlú tí a kò mọ̀ ni yóò bá wa mú ọ bọ̀ nígbà tí ojú wa ṣì ríran tó láti dá ọ mọ̀. Àmín.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ, tí n kò pè. Fóònù tí o rà fún mi wà nínú àpótí, mo fi aṣọ wé e, kò sí ohun tó ṣe é. Ẹ́ńjíníà tí o rán sí wa ló sọ pé gbogbo ohun tí a bá ti kì bọ ara ògiri ló ń mu iná, ìbáà jẹ́ pé à ń lò ó tàbí a kò lò ó, ni mo bá yọ wáyà tí mo fi ń fún un lóúnjẹ, fóònù náà sì dákẹ́ láti ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé inú rẹ yóò dùn sí i. Hakeem tó ń wa ọkọ̀ láti Ifẹ̀ lọ sí Abùjá ni yóò mú ìwé yìí wá. Fún un ní omi tútù, ṣùgbọ́n má jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ òṣèlú, torí kò ní í lọ mọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ni mo fẹ́ bá ọ sọ, ilé bàbá rẹ tí o fi owó ara rẹ tún ṣe kí ooru má baà pa wá, kí owó iná sì lè dín kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ní o kò gbìyànjú, èmi ni n ó kọ́kọ́ bá a jà.

Ẹ́ńjíníà Ọlátẹ́jú dé (mo pè é ní Ọlátẹ́jú lásán lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ sì kọ́rẹ́ lọ́wọ́). Ó wọ bàtà gíga, ó dé fìlà ike nínú yàrá tí kò sí ohun tó lè já lu ènìyàn lórí. Ó yí ilé po, ó ń mi orí, ó ń sọ òyìnbó tí gbólóhùn rẹ̀ kan gùn láti Ènuwá dé Lágere. Nígbà tó yá ó túmọ̀ ara rẹ̀ fún wa, ó ní ilé yìí ti dàgbà, ó sì ń fi ìwọ̀nba òtútù tó ní ṣòfò. Bàbá rẹ ní àwọn náà ti dàgbà, àwọn kò sì fi nǹkan kan ṣòfò. Kò rẹ́rìn-ín, ńṣe ló kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó wá yọ kámẹ́rà kan tí kì í ya ojú ènìyàn, ooru ara ló ń yà. Ó kọjú rẹ̀ sí bàbá rẹ níbi tí wọ́n jókòó sí, mo yọjú wò ó, mo rí i tí gbogbo ara wọn pupa bí epo, tí ògiri ẹ̀yìn wọn sì dúdú bí èédú. Mo bẹ Ẹ́ńjíníà pé kó jọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́ síwèé fún wa kí a gbé e lọ fún dókítà. Ó ní ilé ni òun wá yẹ̀ wò, kì í ṣe onílé.

Ó yọ gbogbo gílóòbù wa, ó fi àwọn tuntun sí i, ó ní àwọn yìí máa ń bá ènìyàn dá iná pamọ́. Mo bi í pé ṣé nígbà tí wọ́n bá ń tàn ni tàbí nígbà tí a bá pa wọ́n, ó ní nígbà tí wọ́n bá ń tàn ni. Láti ìgbà náà ni mo ti tan gbogbo wọn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru kí ohun tí wọ́n ń dá pamọ́ lè tètè pọ̀. Àràárọ̀ ni mò ń lọ wo mítà láti mọ iye tó ti jọ, àfi bí nọ́ńbà ṣe ń rẹ̀yìn, ó jọ pé àwọn kan ń kó o lọ láìsọ fún wa, bá wa béèrè. Fíríìjì tuntun tí o fi ránṣẹ́ náà ní ìwé oníràwọ̀ kan lára, Ẹ́ńjíníà ní ìràwọ̀ yẹn ni ká máa wò ká tó ra nǹkan, torí òun ló ń fi hàn pé kò ní í mu iná púpọ̀. Mo rọra ṣí i kúrò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àtijọ́, nítorí òun ló ń jẹun bí ẹni tí wọ́n rán. Kò tíì yí padà, mo ṣì ń fún un ní àyè.

Ìyẹn kò le. Ibi tó le ni ti ihò àti ti ilẹ̀kùn. O mọ àwọn ihò tí bàbá bàbá rẹ dá sí abẹ́ àjà kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, Ẹ́ńjíníà fi nǹkan funfun kan tó ń hó bí ọṣẹ dí gbogbo wọn pátá. O sì mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú tí kò ní ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ, tó jẹ́ pé láti ojú ọ̀nà lo ti máa rí bàbá rẹ lórí àga wọn, ó fi búlọ́ọ̀kù dí i, ó gbé ilẹ̀kùn irin sí i, irú èyí tó jẹ́ pé bí o bá ti jọ̀wọ́ rẹ̀, yóò pa ara rẹ̀ dé. Ó ní ẹ̀rọ amúlétutù tí o rà kò lè ṣiṣẹ́ nínú ilé tó la ẹnu sílẹ̀, pé a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ òtútù bí a ṣe ń ṣọ́ owó. Bàbá rẹ gbà á gbọ́ pátápátá, torí pé ìwọ lo rán an.

Bàbá rẹ ni olórí ẹbí. Kò sí ọmọ agboolé yìí tó ń jáde láàárọ̀ láìyà kí wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn la ti ń parí ìjà ilẹ̀, ibẹ̀ la ti ń sọ ọmọ lórúkọ, ibẹ̀ náà ni ẹni tí ebi ń pa ti máa ń sọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn títí ọbẹ̀ mi yóò fi jinná. Bàbá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa dúró de ara wọn níta, kí wọ́n lè jọ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kí òtútù má baà jáde nítorí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan dúró, oòrùn pa wọ́n, wọ́n bá tiwọn lọ. Ìyá Fákúnlé láti ilé ẹ̀yìn wá, bó ṣe ń jáde tó tún yíjú padà láti dágbére, ilẹ̀kùn gbá a ní gìgísẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òun níyàwó wọ agboolé yìí, ẹnikẹ́ni kò ti òun jáde rí. Mo ní kì í ṣe èmi, ilẹ̀kùn ni. Ó bi mí pé ta ló ni ilẹ̀kùn.

Nígbà tí àwọn oníná bá sì mú iná wọn lọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, inú ilé á gbóná bí ààrò. Mo ní kí a ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá rẹ kọ̀, wọ́n ní ìyókù òtútù tó wà nílẹ̀ ni a ó fi dúró di ìgbà tí iná bá dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń jókòó, tí à ń làágùn, tí à ń ṣọ́ òtútù.

Ibi tí a wà nìyí tí Fàòsíyà, àbúrò bàbá rẹ, fi dé láti Ẹdúnàbọ̀n. Ó ti ń pe fóònù mi, kò lọ. Ó dé iwájú ilé lọ́sàn-án gangan, ó bá ọ̀dẹ̀dẹ̀ olórí ẹbí ní dídí, ilẹ̀kùn wà ní títì, kò sí ẹyọ ènìyàn kan níta. Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílé wa. Ó kan ilẹ̀kùn títí, bàbá rẹ sùn ní yàrá, èmi wà nídìí kànga. Ni Fàòsíyà bá káwọ́ lérí, ó figbe ta pé ẹ̀gbọ́n òun ti lọ, wọn kò sì ránṣẹ́ sí òun. Àdúgbò tú jáde. Mo gbé omi dé, wọ́n gbá mi mú, wọ́n ní kí n mọ́kàn le, èmi náà bú sẹ́kún, torí nígbà tí èrò tó pọ̀ tó báyẹn bá ń bá ọ kẹ́dùn, wàá rò pé wọ́n mọ ohun tí o kò mọ̀.

Àṣé igbe ti jí bàbá rẹ, wọ́n sì ti dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Adésọjí àbúrò wọn ló ń pẹ̀tù sí èrò nínú. Ó ní kí wọ́n fara balẹ̀, pé nǹkan kan kò ní í bàjẹ́, ṣebí ọ̀dẹ̀dẹ̀ òun ni ẹbí ti ń pàdé láti ìgbà tí ti ibí ti dí, ṣebí ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọmọ Fákúnlé lórúkọ, gbogbo rẹ̀ sì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí, bàbá rẹ yọ. Àwọn tó máa sá ti sá, ẹnì kan wọ gọ́tà lọ tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Fàòsíyà dì mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Ìbá ti jẹ́ ohun tí a ó máa fi rẹ́rìn-ín di ẹ̀ẹ̀mọ́dún. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò wo ẹnikẹ́ni, Fákúnlé tó wà láàárín èrò ni wọ́n kọjú sí, wọ́n bi í pé ọmọ wo. Fákúnlé dọ̀bálẹ̀, ó ní kí Bàbá má bínú, obìnrin ni, Ìkẹ́olúwa ni wọ́n sọ ọ́. Bàbá rẹ béèrè pé ta ló fi oyin kàn án lẹ́nu. Ojú gbogbo wọn lọ sára Adésọjí. Òun náà wá sọ pé àwọn wá, àwọn kan ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò dáhùn, àwọn sì rò pé ẹ̀gbọ́n àwọn kò fẹ́ ìyọnu mọ́ ni. Kò fi ìkà sọ ọ́. Ìyẹn ló dùn mí jù. Èmi gan-an ti gbọ́ igbe ọmọ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, rédíò ni mo pè é, torí ohùn ìta kì í wọlé dáadáa mọ́.

Láti ọjọ́ náà bàbá rẹ kì í jáde. Fàòsíyà bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kó máa lọ sílé rẹ̀, pé ó ti sun ẹkún tirẹ̀ sílẹ̀, bí ọjọ́ bá pé kó má wulẹ̀ náwó ọkọ̀ mọ́. Ẹ̀kọ tí wọ́n ń fi tayọ̀tayọ̀ mu tẹ́lẹ̀, ṣíbí kan tàbí méjì ni báyìí, ó tán. Àná mo fi òkúta dá ilẹ̀kùn dúró, mo gbé àga wọn síbẹ̀, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Àwọn ènìyàn ń kọjá, wọ́n ń kí mi láti ojú ọ̀nà, wọ́n ní ẹ kú ilé o, kò sí ẹni tó yà. Wọn kò bínú. Ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà ọ̀dọ̀ Adésọjí ni.

Nítorí náà, ọmọ mi, owó ni mo fẹ́ tọrọ, owó bíríkìlà tí yóò wó búlọ́ọ̀kù yẹn, tí yóò ha nǹkan funfun yẹn kúrò nínú ihò, tí yóò sì bá wa gbé ilẹ̀kùn lọ ibi tí ojú kò ti ní í tó o. Ẹ́ńjíníà ti kìlọ̀ pé bí a bá fọwọ́ kan iṣẹ́ òun, òun kò ní í padà wá tún un ṣe mọ́, mo ní àdúrà wa nìyẹn. Má ra ẹ̀rọ mìíràn. Bí àyè bá wà, ìwọ fúnra rẹ ni kó o wá. N kò mọ̀ bóyá ògiri tí a bá wó lè dá èèyàn padà, mo kàn mọ̀ pé èyí tó wà nílẹ̀ yìí kò lè dá wọn padà.

Mo sọ fún bàbá rẹ pé mo ń kọ̀wé sí ọ. Wọ́n ní kí n má dà ọ́ láàmú, kí n kọ ọ́ pé ilé ti tutù, ariwo kò sí, àwọn sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Mo ti kọ ọ́ bí wọ́n ṣe wí. Bí o bá ń fèsì, ìyẹn nìkan ni kó o mẹ́nu bà, torí èmi ni n ó kà á sí wọn létí.

Ẹsẹ̀ èèyàn kò ní í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Wọn yóò máa yọ ọ́ lẹ́nu, wọn yóò máa jẹ ọbẹ̀ rẹ tán, wọn yóò sì máa gbàgbé láti pa ilẹ̀kùn rẹ dé bí wọ́n bá ń lọ. Àmín, lọ́lá Ọlọ́run.

Èmi ni ìyá rẹ,
Àyọ̀kẹ́.