Oògùn Tí A Ń Fi Ọjọ́ Orí Pín

                                                  Ojúlé Kọkànlá,
                                                  Òpópónà Sábó,
                                                  Ògbómọ̀ṣọ́.
                                                  Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kejì, 1989.

Adéjọkẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú ilẹ̀ àjèjì o. O kú iṣẹ́, o kú ooru, o kú àárò wa. Ṣé ara le? Ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ tí o bá ti dúró pẹ́ ní wọ́ọ̀dù ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ ní Jẹ́dà ilẹ̀ Lárúbáwá, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o sinmi? Lẹ́tà tí o kọ ní oṣù Kejìlá dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, lẹ́yìn tó ti rin ọ̀sẹ̀ méje lójú ọ̀nà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á: ẹ̀ẹ̀kan lórí ìdúró níwájú ilé ìfìwéránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nílé, ẹ̀ẹ̀kan sétí bàbá rẹ ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo kà á fún bàbá, mo fo ibi tí o ti sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn rẹ.

Àlàáfíà ni a wà níbí. Ọyẹ́ ọdún yìí mú gan-an. Ètè gbogbo wa là, eruku pupa sì bo ohun gbogbo. Iṣẹ́ pọ̀ ní tíátà. Èmi nìkan ni dókítà tó kù tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, nítorí ẹnì kejì mi ti tẹ̀lé yín lọ sí ọ̀hún. Tí mo bá délé nírọ̀lẹ́, mo ṣì máa ń gbé ife tíì méjì kalẹ̀, kí n tó rántí dá ọ̀kan padà.

Ìbéèrè kan ṣoṣo lo fàlà sí nídìí nínú lẹ́tà rẹ: “Ṣé àwọn èèyàn wa ṣì wà láàyè?” Màá dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, nítorí tí mo bá kàn ju ìdáhùn sílẹ̀, ìwọ náà lo máa kọ́kọ́ bínú pé n kò ṣàlàyé.

Kọ̀ǹpútà tí dókítà òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ṣì wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ìró rẹ kan tí o gbàgbé ni mo fi ń bò ó nítorí eruku. Nínú géèmù ogun tí a jọ ń ṣe lórí rẹ̀, àwọn èèyàn wa márààrún tí a fi orúkọ ara wa àti ti ará ilé wa sọ ṣì tò bí a ṣe tò wọ́n lọ́jọ́ kìn-ín-ní: bàbá rẹ níwájú pẹ̀lú idà àti asà, ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runṣògo pẹ̀lú àáké, èmi tí mo ń wo ọgbẹ́ sàn, ìwọ tí ò ń ju iná, Káyọ̀dé àbúrò rẹ sì kẹ́yìn, tafàtafà tí ẹ̀mí rẹ̀ kò ju ti òròmọdìyẹ lọ. Ṣé o rántí pé odidi ìrọ̀lẹ́ kan la fi jiyàn lórí orúkọ bàbá? O ní ọwọ́ rẹ kò gbà á láti tẹ orúkọ bàbá rẹ lásán bí ẹni ń pe ẹgbẹ́ rẹ̀, la bá kọ BABA. Títí di òní, bí ọ̀tá bá gún un, ohun tó ń hàn lójú ẹ̀rọ ni pé wọ́n ti gún BABA, àyà mi a sì já.

Nígbà tí o wà níbí, ìwọ lò ń tẹ ti àwọn ará ilé rẹ, èmi ń tẹ tèmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi. Ní báyìí, èmi nìkan ni. Má fi mí rẹ́rìn-ín o: bó bá kan ìwọ láti ju iná, mo máa ń dìde lọ jókòó sórí àga rẹ kí n tó tẹ bọ́tìnnì. Mo mọ̀ pé kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó sójú kan tí mo tẹ gbogbo rẹ̀, ó máa ń ṣe mí bí ẹni pé mo gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ.

Ibi tí o fi wá sí náà la ṣì wà, orí afárá òkúta. Jẹ́ kí n rán ọ létí bí ìjà ibẹ̀ ṣe rí. Iwin méje ló dúró níwájú, awọ ara wọn le bí irin. Arúgbó kan wà lẹ́yìn wọn tó ń kọrin. Ní gbogbo ìgbà tó bá kọrin parí, ọ̀kan nínú àwọn iwin tí a ti pa á tún dìde. Idà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àáké kò dé ibẹ̀, iná rẹ sì ń parí sára àwọn tó wà níwájú. Ọfà Káyọ̀dé nìkan ló lè bá a, ó sì tó ọfà mẹ́rin kí ó tó kú; ọ̀kan péré ló sì ń ta ní ìyípo kan, ìyẹn ìgbà tí ìjà bá kárí gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni pé Káyọ̀dé gbọ́dọ̀ wà láàyè di ìyípo kẹrin. Kò kọjá ìyípo kejì rí.

O ní kí n yí ìjà náà sí èyí tó rọrùn. Ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rọ ń béèrè ìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà tó béèrè, àwa méjèèjì la fi ìgbéraga mú èyí tó le jù.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án ni wọ́n ti pa gbogbo wa lórí afárá yẹn. Tẹ́lẹ̀, kò tó nǹkan: a ní díìsìkì kejì tí a da gbogbo rẹ̀ kọ sí, ìyẹn la fi máa ń bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ṣùgbọ́n eruku ọyẹ́ yìí ti bà á jẹ́. Mo fi òwú nù ún jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun, ẹ̀rọ kò kà á mọ́. Mo wá òfìfo díìsìkì dé Ìbàdàn, n kò rí. O sì mọ òfin géèmù náà: bí gbogbo wa bá kú pọ̀, ó máa pa orúkọ wa rẹ́ pátápátá. Ọdún mẹ́ta tí a fi tọ́ wọn dàgbà á parẹ́ nìyẹn. Odidi oṣù kan ni n kò fi jà. Mo kàn máa ń tan ẹ̀rọ, kí n wo àwọn márààrún lórí ìdúró wọn, kí n tún pa á.

Bí mo ṣe wà nìyẹn tí lẹ́tà rẹ fi dé, tí mo sì wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́ lọ́jọ́ Sátidé láti kà á fún bàbá. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo bá wọn, wọ́n ń rán bẹ́líìtì wọn tó já. Nígbà tí mo ka ibi tí o ti ń béèrè àwọn èèyàn wa, wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní àwọn èèyàn wo? Kò síbi tí mo fẹ́ sá gbà, mo sọ ọ́.

“Èmi náà wà níbẹ̀?”

“Ẹ wà níbẹ̀ sà. Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, pẹ̀lú idà.”

“Ṣé wọ́n ń fún mi lóúnjẹ?”

“Wọ́n ń fún yín sà.”

“Ó sàn ju Bọ́mà lọ nìyẹn.”

Ìwọ náà mọ̀ pé iṣẹ́ gbígbé àwọn tó fara gbọgbẹ́ ni bàbá rẹ ṣe ní ogun Bọ́mà. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé ọkàn wọn ṣì wà nídìí iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n ya afárá náà sílẹ̀. Mo mú igi, mo yà á sórí yanrìn: iwin níbí, arúgbó lọ́hùn-ún, àwa níhìn-ín. Mo ṣàlàyé pé oògùn kan ṣoṣo ni mo lè fún èèyàn ní ìyípo kan.

“Ta lo ń kọ́kọ́ fún?”

“Ẹ̀yin ni sà.”

“Ṣé wọ́n ti gún mi gan-an nígbà yẹn?”

“Rárá sà. Díẹ̀ ni.”

“Lẹ́yìn mi ńkọ́?”

“Ọlọ́runṣògo. Lẹ́yìn ẹ̀, èmi. Lẹ́yìn ẹ̀, Adéjọkẹ́.”

“Káyọ̀dé ńkọ́?”

“Tó bá kàn án, sà.”

Bàbá fi bẹ́líìtì sílẹ̀. “Dókítà, ṣé ẹran ọdún lò ń pín ni? Ní Bọ́mà, tí mo bá fi ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára ẹ̀ sílẹ̀, tí mo lọ gbé sájẹ́ńtì tí ẹ̀gún gún, sájẹ́ńtì yẹn fúnra ẹ̀ ló máa na mí. Ta ló ní kí o máa bọ̀wọ̀ fún mi lójú ogun? Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀ ni àgbà níbẹ̀!”

Adéjọkẹ́, ojú tì mí. Bí mọ́tò bá dànù, tí wọ́n gbé èèyàn mẹ́wàá wá bá wa, ṣé mo ti béèrè ọjọ́ orí ẹnikẹ́ni rí kí n tó di iṣan rẹ̀? Ṣùgbọ́n níwájú ẹ̀rọ yẹn, èmi àti ìwọ ti ń pín oògùn bí ẹni ń pín oúnjẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, àgbà kọ́kọ́, ọmọdé kẹ́yìn, a kò sì jíròrò rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

Lọ́jọ́ kejì, bí mo ṣe dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, n kò bọ́ gèlè. Mo jókòó, mo gbàdúrà fún àwọn tí kò sí, mo sì gun orí afárá. Ní ìyípo kìn-ín-ní, òkò bá Káyọ̀dé, àmì ẹ̀mí rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ṣẹ́ ku mẹ́ta. Òun ni mo fún. Ní ìyípo kejì, wọ́n gé bàbá lápá. Ọwọ́ mi ti dé orí BABA kí n tó mọ̀, mo fà á padà. Káyọ̀dé ni mo tún fún. Ní ìyípo kẹta, BABA ku méjì, Káyọ̀dé náà ku méjì, oògùn sì jẹ́ ọ̀kan. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ mi láti bi ọ́.

Mo fún Káyọ̀dé.

Bàbá ṣubú. Ọfà kẹrin jáde, orin arúgbó náà já lágbede méjì. Àwọn iwin tí a pa kò dìde mọ́. Mo bọ́ sórí àga rẹ, o ju iná lẹ́ẹ̀mejì, afárá ṣófo. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé a ti ṣẹ́gun. Lábẹ́ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé BABA ti kú.

Nítorí náà, ìdáhùn ìbéèrè rẹ ni pé mẹ́rin wà láàyè. A gbé òkú ẹnì karùn-ún dé tẹ́ńpìlì ìlú. Àwọn àlùfáà ibẹ̀ lè jí i, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gbìyànjú. Bí kò bá jí, ó di eérú. Wọ́n bi mí bóyá kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. N kò lè tẹ ohunkóhun. Mo fi géèmù náà pa mọ́ síbẹ̀, mo sì pa ẹ̀rọ.

Mo tún lọ sí Ọ̀yọ́ lánàá, mo sì ti pinnu pé n kò ní sọ ti ikú BABA. Bàbá ń fọwọ́ di ògiri bọ̀ láti yàrá. Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí o wà níbí. Mo wọn ìfúnpá wọn, ó ga díẹ̀, mo ti yí oògùn wọn padà. N kò ní parọ́ fún ọ: wọ́n ti rù.

“Ṣé a ṣẹ́gun?” ni wọ́n kọ́kọ́ bi mí.

“A ṣẹ́gun sà.”

“Èmi ńkọ́?”

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀rọ ìfúnpá tí mo ń ká.

“Mo kú,” ni wọ́n ní, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. “Káyọ̀dé ńkọ́?”

“Ó wà láàyè sà.”

“O ṣeun. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ṣé wọ́n lè jí mi?”

Mo ṣàlàyé ti tẹ́ńpìlì náà.

“Má jẹ́ kí wọ́n tíì jí mi. Sọ fún Adéjọkẹ́ pé kó wá tẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó má pẹ́ o.”

Màmá rẹ ń kí ọ. Káyọ̀dé ń kí ọ, ó sì ní kí n sọ pé òun ló pa arúgbó náà. Ẹ̀gbọ́n mi Ọlọ́runṣògo ní kí o kú ìrìn. Bá mi kí àwọn ọmọ ilé wa tẹ́ ẹ jọ wà ní Jẹ́dà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, lẹ́tà kò sì ní ojú, nítorí náà ohun kan ni mo fẹ́ kí o kọ wá lésì kíá: ìsinmi rẹ tó ń bọ̀, oṣù wo ni?

Tìrẹ ni èmi, tọkàntọkàn,

Olúyẹ́misí.