Ilé Tí Wọ́n Fi Sìmẹ́ǹtì Wa Kọ́

Abúlé Ìdí-Ọ̀pẹ,
Ọ̀nà Lálúpọn.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Òkúdù, ọdún 2025.

Tìmílẹ́hìn ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ìyàwó rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró. Ara tèmi náà le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Orúnkún tó ń yọ mí lẹ́nu ti fúyẹ́ díẹ̀. Inú mi nìkan ni kò rọ̀. Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pamọ́ fún ọ.

Nígbà tí o pè mí lórí fóònù lọ́jọ́ Àìkú, o ò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. O ní, "Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ kó àwọn obìnrin yẹn jáde nínú ilé onílé. Ilé ìtàn ni. Ọ̀gá mi ti ń bi mí bóyá ìyá mi ni Màmá Tíṣà tí wọ́n ń sọ." O sì gé fóònù mọ́ mi létí. Èmi tí mo kọ́ ọ ní A, B, D! Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn. Ẹni tó ń ka lẹ́tà kò lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ni lẹ́nu.

O ní ilé ìtàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Jẹ́ kí n wá sọ ìtàn rẹ̀ fún ọ, torí a ò tíì bí ọ nígbà náà. Lọ́dún 1981, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé bàbá rẹ bí ìyàwó, ìjọba ní àwọn yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí fún wa. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwa obìnrin ń pọnmi láti odò. Lọ́rì wá já sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù. Olóyè Fárìndé, tó ń ṣojú wa nílé ìgbìmọ̀, ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ òun kí òjò má baà pa á. Lóòótọ́, òjò ò pa á. Kí ọdún tó yí, pẹ́tẹ́ẹ̀sì olópòó ńláńlá ti dìde lórí ilẹ̀ náà, páànù tí a fojú wa rí nínú lọ́rì sì ti wà lórí rẹ̀. Ìpìlẹ̀ tí a gbẹ́ di ibi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Àwọn àgbà lọ bi í léèrè. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé ẹ ò fẹ́ kí aṣojú yín níyì ni?" Wọ́n padà sílé bí adìẹ tí òjò pa.

Ó ti kú tipẹ́, n ò sì ní bá òkú jà. Alààyè ló bí mi nínú. Fẹ́mi ọmọ-ọmọ rẹ̀ fẹ́ dupò nínú ìbò tó ń bọ̀. Ni wọ́n bá kun ilé náà ní funfun, wọ́n ra àga aláràbarà sí i, wọ́n gbé iná sólà sórí rẹ̀, ìjọba ní ó ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Wọ́n kọ ọ́ sára mábù níwájú ilé pé: "Ibùgbé Aṣáájú Tó Fi Ara Rẹ̀ Jìn fún Àwọn Èèyàn Rẹ̀." Mo ka gbólóhùn yẹn títí ojú mi fi ṣú. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ọ́fíìsì ìjọba tí o ti ń ṣiṣẹ́ ló kọ ọ́.

Ìwọ náà mọ ibi tí àwọn aboyún wa ń bímọ sí: yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà tí páànù rẹ̀ ti dógùn-ún. Lóṣù tó kọjá, ìjì ṣí òrùlé náà nígbà tí ìyàwó Àyàntúnjí ń rọbí lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì Gift na ọ̀rá bò ó, òun fúnra rẹ̀ dúró sínú òjò. Ọmọ náà kò yè. Ọmọkùnrin ni, Tìmílẹ́hìn. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ kí wọ́n tó lọ sin ín.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà lọ tí wọ́n ta àtíbàbà láti ṣí ilé ìtàn yín. Wọ́n ní kí èmi, ìyá ìjọ Bàtíìsì, wá gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Mo dìde, mo gba máìkì. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dákẹ́ fún ọmọ ìyàwó Àyàntúnjí." Mo wá sọ ibi tí sìmẹ́ǹtì náà ti wá fún wọn, lójú àwọn àlejò pàtàkì. Fẹ́mi sáré wá dọ̀bálẹ̀, ó ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Màmá Tíṣà, ẹ dákun, ilé bàbá wa ni." Inú máìkì ni mo ti dá a lóhùn: "Ilẹ̀ ni ti bàbá yín. Ilé jẹ́ tiwa."

N ò pe ẹnikẹ́ni pé kó tẹ̀ lé mi. Mo kàn rìn wọlé ni. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Nọ́ọ̀sì Gift ń bọ̀, àwọn aboyún ń bọ̀, àwọn ìyá wọn ru ẹní àti korobá. Ìyàwó Àyàntúnjí náà wà láàárín wọn. Ta ni ìbá dá a dúró? A kó àga aláràbarà síta, a tẹ́ ẹní sílẹ̀.

Wọ́n rán ọlọ́pàá sí wa. Ọ̀gá wọn yọjú sí pálọ̀, ó rí àwọn aboyún tí wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o, ẹ̀yin ìyá wa," ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ padà. Fẹ́mi náà wá bẹ̀ wá. Ó ní bí òun bá wọlé ìbò, òun yóò kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tuntun. Mo ní kó kọ́kọ́ kọ́ ọ ná. Inú ilé la ti ń dúró dè é. Ó fìbínú lọ.

Wọ́n wá rán ìwọ sí mi. Èyí ló dùn mí jù. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ṣòro, mo sì mọ̀ pé àwọn ọmọ rẹ ń lọ sílé ìwé. Ṣùgbọ́n n ò lè sọ fún obìnrin tó ń rọbí pé kó dìde kí ọmọ mi lè jẹun. Bí o bá fẹ́, sọ fún ọ̀gá rẹ pé èmi kọ́ ni ìyá rẹ. N ò ní bá ọ wí. Má kàn sọ fún un pé irọ́ ni mo pa.

Lọ́sàn-án àná, Àbíkẹ́ ọmọ alágbẹ̀dẹ bí ọmọbìnrin nínú yàrá tí Olóyè ti máa ń gbàlejò. Òjò ń rọ̀, ẹ̀kán kan kò kán sí i lára. Ìyàwó Àyàntúnjí ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ Nọ́ọ̀sì, ó gbé e mọ́ra, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó gbé e sílẹ̀.

Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí ohun tí o ń jẹ gba ohun tí o jẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Kó ṣọ́ aya àti ọmọ rẹ. Kó má fi ẹnikẹ́ni nínú yín ṣe àwátì.

Èmi ni ìyá tó bí ọ, tí inú ń bí sí ọ, tí kò sì lè kọ̀ ọ́,
Títíladé.

Mo tún rántí: a gbọ́ pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ yóò wá láti ìlú láti wá lé wa. Bí ìwọ bá wà lára wọn, má fara pamọ́ fún mi. Ìwọ ni kí o kan ilẹ̀kùn, èmi ni n ó ṣí i fún ọ. Ṣùgbọ́n rọra kàn án, ọmọ tuntun ń sùn.