Ìlà Kejì Lórí Káàdì Bàbá Mi

Bàbá mi, ẹ kú ulé o, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń kí ara wa ní Ìkẹ́rẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín. Mo kí ìyá mi, mo sì kí àbúrò yín, Bàbá Ìsẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn náà ka lẹ́tà yìí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síta gbangba.

Ara mi le. Òtútù ìlú yìí kò tíì lọ, ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mo ń wọ̀ léra lọ síbi iṣẹ́. Iṣẹ́ náà kò yí padà: àwọn èèyàn ń fi káàdì kékeré alávòrán tí agbábọ́ọ̀lù buwọ́ lù ránṣẹ́, àwọn ọ̀gá ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ojúlówó ni, wọ́n ń fún un ní máàkì, èmi ń lẹ lébẹ́ẹ̀lì tó ń sọ ohun tí wọ́n rí, mo sì ń sé e mọ́ inú ike. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù nìkan ló máa jáde lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ káàdì yín tí mo gbà nígbà tí mo wá ṣọdún ni mo bá wá. Ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù pé láti ìgbà tí káàdì náà ti padà dé láti ibi iṣẹ́ wa, ẹ kò fi han ẹnikẹ́ni. Ẹ ní wọ́n ti féèlì yín, pé níbi tó yẹ kí máàkì wà, ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n kọ. Ẹ ní ẹ ó fọ́ ike náà, kí ẹ dá káàdì padà sínú férémù.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá mi Tíṣà, ẹ gbé òòlù sílẹ̀. Èyí kì í ṣe èsì ìdánwò. Ìlà méjì ló wà lórí lébẹ́ẹ̀lì náà. Ìlà kìíní ń sọ̀rọ̀ nípa káàdì fúnra rẹ̀: ojúlówó ni. Wọn kò fún un ní nọ́ńbà nítorí pé ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀ kó lè wọ férémù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó yín. Káàdì tí a bá ti gé, wọn kì í fún un ní máàkì. Mi ò bá yín jà. Nílé wa, ohun tí a bá fẹ́ràn là ń gé sí férémù.

Ìlà kejì ni ẹ kò kà. Ìbuwọ́lù ni ìyẹn ń sọ. Ó ní ọwọ́ agbábọ́ọ̀lù tó wà lórí káàdì náà ló kọ ọ́ lóòótọ́, ó sì gba mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, torí báírò ti ṣá díẹ̀. Bàbá Ìsẹ̀, ṣé ẹ gbọ́? Láti kékeré mi lẹ ti ń sọ níbi ìpàdé ẹbí pé inú yàrá ni bàbá mi jókòó sí tí wọ́n kọ orúkọ olórúkọ. Wọ́n á bá yín rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ń dùn wọ́n. Ó ń dun èmi náà.

Bàbá mi, tí ẹ bá fọ́ ike, lébẹ́ẹ̀lì di bébà lásán, torí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́ pé káàdì yìí gan-an ló ń sọ. Ẹ gbé e kọ́ bó ṣe wà.

Ohun kan wà tí lébẹ́ẹ̀lì kò lè sọ: pé ìṣojú yín ni agbábọ́ọ̀lù náà ti buwọ́ lù ú ní Ìbàdàn. Ẹ máa ń sọ pé èrò bọ́ bàtà kan lẹ́sẹ̀ yín lọ́jọ́ náà. Ìyá mi ní bàtà ẹsẹ̀ kan lẹ wọ̀ wọlé lóòótọ́, bàtà náà sì ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbé e sábẹ́ káàdì náà, kí Bàbá Ìsẹ̀ wá wò ó.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, ẹ ó jèrè wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé àti ará ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín, tó ti gbà yín gbọ́ kí lébẹ́ẹ̀lì tó dé,
Bọ́sẹ̀dé.